Níbo ni Adùn Ọtí Wà? Ìtọ́wò àti Òtítọ́ ní Bantè àti Savalou

Ìtọ́wò ni kí ènìyàn fi ahọ́n kan oúnjẹ tàbí ohun mímu, kó sì sọ bó ti rí. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀: ahọ́n ń gbà, ẹnu ń sọ. Láàárín iṣẹ́ méjèèjì ni ìbéèrè kan ti dìde, tí àwọn amòye ti ń fà láti ayé àwọn Gíríìkì àtijọ́: ṣé inú ọtí ni adùn ọtí wà ni, àbí ẹnu ẹni tó ń mu ún? Bó bá jẹ́ inú ọtí ni, a jẹ́ pé ẹni tó bá pe ọtí dáadáa ní ọtí burúkú ti ṣìnà, a sì lè bá a wí. Bó bá jẹ́ ẹnu ni, kò sẹ́ni tó lè ṣìnà, olúkúlùkù ń sọ ti ẹnu rẹ̀ ni. Ibi tí ọtí ọkà bá ti jẹ́ ohun àjọmu láwùjọ ni ìbéèrè yìí ti máa ń hàn kedere, torí pé níbẹ̀ ni ẹni tó pọn ọtí, ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń mu ún ti ń fojú kan ara wọn. Irú ibẹ̀ ni Bantè àti Savalou ní orílẹ̀-èdè Benin.

Àwọn ìlú náà àti ọtí wọn

Bantè àti Savalou wà lára kọ́múnù mẹ́fà tó para pọ̀ di ẹkùn Collines. Àwọn mẹ́rin yòókù ni Dassa-Zoumé, Glazoué, Ouèssè àti Savè. Ọ̀nà ńlá tó gba Dassa lọ sí Djougou a máa kọ́kọ́ kan Savalou, lẹ́yìn náà Bantè. Lápá ìwọ̀-oòrùn wọn ni ilẹ̀ Togo wà. Àwọn Ìṣà, tí wọ́n jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Yorùbá, ló pọ̀ ní Bantè. Àwọn Ìfẹ̀ tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana náà wà lágbègbè yìí, títí dé Atakpamé ní Togo. Ìlú Mahi ni Savalou, Gbaguidi sì ni orúkọ tí àwọn ọba ibẹ̀ ń jẹ́; ṣùgbọ́n àwọn Ìfẹ̀ wà lábẹ́ kọ́múnù náà, bíi ti Tchetti.

Ọtí tí wọ́n ń fi ọkà bàbà pọn ní agbègbè àárín Benin ni tchakpalo. Bí a bá ń lọ sí òkè àríwá, tchoukoutou ni a óò bá, òun náà ọtí ọkà bàbà. Àwọn obìnrin ló ń pọn ọ́n, ìyá a máa kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, àwọn náà ló sì ń tà á ní ilé ọtí tí wọ́n ń pè ní kábárẹ́, tí kò ju àtíbàbà kan, bẹ́ńṣì mélòó kan, ìkòkò àti igbá lọ. Ibi tí iná ìpọntí ti ń jó kì í sábà jìnnà síbi tí àwọn tó ń mu ún jókòó sí. Lóde òní, ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ilé ọtí tó ń pọn ọtí tirẹ̀ tó sì ń tà á lójú ẹsẹ̀ ti di ohun tí àwọn olùfẹ́ ọtí ń rin ìrìn-àjò lọ wá. Ètò kan náà ni kábárẹ́ ń tẹ̀ lé: ọtí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, apọntí tí a mọ ojú rẹ̀, ẹjọ́ adùn tí a lè gbé kò ó lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó wà nínú igbá

Kí a tó bi ara wa léèrè ibi tí adùn wà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ahọ́n ń bá pàdé. Apọntí á rẹ ọkà bàbà sómi, á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó hù fún ọjọ́ mélòó kan, á sá a sóòrùn, á sì lọ̀ ọ́. Híhù yìí ló ṣe kókó jù. Bí hóró bá ti ń hù, èròjà kan ń jí nínú rẹ̀ tí yóò sọ sítáàṣì rẹ̀ di ṣúgà. Bí kò bá sí ṣúgà yìí, ìwúkàrà kò ní rí ohun tí yóò sọ di ọtí. Wọ́n á po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi omi rẹ̀ sílẹ̀ kó kan díẹ̀. Àwọn bakitéríà tó ń mú nǹkan kan ló ń ṣiṣẹ́ lákòókò yìí. Lẹ́yìn èyí wọ́n á sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, á tutù, wọ́n á wá da ìwúkàrà tí wọ́n tọ́jú láti ara ọtí ìṣáájú sí i. Kpete-kpete ni àwọn tó ń pọn tchoukoutou ń pe ìwúkàrà náà. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ọtí ti hó, ó ti tó mu. Tchoukoutou máa ń kan, ó sì máa ń nípọn. Tchakpalo máa ń dùn jù ú lọ, ó sì máa ń mọ́ jù ú lọ. Pípupa tí omi wọn ń pupa wá láti ara aró tó wà lára èèpo ọkà bàbà pupa àti láti ara sísè pípẹ́.

Ọtí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní amber ale jọ wọ́n lójú, torí pé òun náà pupa rúsúrúsú bí oyin. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà pupa yàtọ̀. Ọkà báálì ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á mú kó hù, wọ́n á sì fi iná yan apá kan rẹ̀ títí yóò fi pọ́n, tí òórùn búrẹ́dì yíyan àti ti ṣúgà jíjó yóò máa jáde lára rẹ̀. Wọ́n á wá fi òdòdó ewéko kan tó ń fà mọ́ igi, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ hops, sè é pọ̀. Inú òdòdó yìí ni ásíìdì kan wà tó jẹ́ pé híhó ló ń yí i padà di ohun kíkorò tó ń yòrò sínú ọtí. Àwọn apọntí máa ń wọn ìkorò yìí: ìwọ̀n kan dọ́gba pẹ̀lú mílígíráàmù kan nínú lítà ọtí kan, amber ale sì sábà máa ń ní láti 25 sí 40.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí hops ń ṣe. Ó ń dènà ọ̀pọ̀ nínú àwọn bakitéríà tó ń ba ọtí jẹ́. Hildegard, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó gbé ní Bingen nílẹ̀ Jámánì ní nǹkan bí ọdún 900 sẹ́yìn, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkorò hops kì í jẹ́ kí ohun mímu tètè bàjẹ́. Ní 1516, òfin kan jáde ní Bavaria pé ọkà báálì, hops àti omi nìkan ni kí wọ́n máa fi pọn ọtí. Tchakpalo kò ní hops rárá, ìdí nìyí tí kì í fi í pẹ́ kó tó kan jù. La Béninoise tí ilé iṣẹ́ SOBEBRA ń rọ sínú ìgò ní Benin ní hops, ó sì lè rin ìrìn-àjò láti ìlú dé ìlú. Bí ahọ́n bá bá ìkorò pàdé nínú ọtí ìgò, ohun tó ń pa á mọ́ lójú ọ̀nà ló ń tọ́ wò. Bó bá bá ìkan pàdé nínú igbá tchakpalo, ọjọ́ orí ọtí náà ló ń tọ́ wò.

Ṣé inú ọtí ni, àbí ẹnu?

Democritus, amòye Gíríìkì tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 2400 sẹ́yìn, gbà pé ẹnu ni. Lójú rẹ̀, ènìyàn ló fohùn ṣọ̀kan pe nǹkan ní dídùn tàbí kíkorò. Ohun tó wà ní tòótọ́ kò ju àwọn hóró kéékèèké tí ojú kò rí àti òfìfo tí wọ́n ń rìn nínú rẹ̀ lọ. John Locke ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ńlá rẹ̀ nípa òye ènìyàn, tó jáde ní ìparí 1689. Ó ní ìrísí àti ìwọ̀n nǹkan wà lára nǹkan náà, ṣùgbọ́n ohun tó wà lára rẹ̀ ní ti àwọ̀, òórùn àti adùn kò ju agbára lọ: agbára láti mú kí ẹni tó bá a pàdé mọ ohun kan lára.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ dé àyè kan. Ní 1931, Arthur Fox, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Amẹ́ríkà, ń da ìyẹ̀fun kẹ́míkà kan láti inú ohun èlò kan sí òmíràn, eruku rẹ̀ sì fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní eruku náà korò lẹ́nu òun. Fox kò mọ ohunkóhun lára. Wọ́n dán an wò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì hàn pé a máa ń bí àwọn kan pẹ̀lú ẹnu tó mọ ìkorò yẹn, a sì ń bí àwọn mìíràn pẹ̀lú ẹnu tí kò mọ̀ ọ́n. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rí jíìnì tó fa ìyàtọ̀ náà. Jíìnì bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ènìyàn ní tó wà fún mímọ ìkorò nìkan, wọn kì í sì í rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Ẹnì méjì lè mu nínú igbá kan náà, kí ohun tó dé ọpọlọ wọn má sì bára mu.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò lè parí síbẹ̀, ohun tí gbogbo ilé Yorùbá mọ̀ ló sì ń dí i lọ́nà. Bí ibà bá mú ènìyàn, ọbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ti ń sè fún un láti kékeré á máa korò lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò torí ìyẹn ní ọbẹ̀ ti bàjẹ́. Aláìsàn fúnra rẹ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu òun ló korò ni yóò wí. Gbólóhùn kékeré yìí ní ìmọ̀ ńlá nínú. Ó fi hàn pé àwọn ènìyàn ti mọ̀ pé ẹnu lè ṣìnà, pé ẹnu tó dá ṣáká wà, ẹnu tí kò dá ṣáká sì wà. Bó bá jẹ́ pé inú ẹnu nìkan ni adùn wà, ìyàtọ̀ yìí kì bá tí ní ìtumọ̀, torí pé ẹnu aláìsàn àti ẹnu abara-líle ì bá jọ jẹ́ ọba lórí ara wọn.

Ìdáhùn tó bọ́gbọ́n mu ni pé inú ọtí ni agbára adùn wà, ẹnu tó dá ṣáká ló sì ń mú un jáde. Ásíìdì tó ń mú tchakpalo kan wà nínú ìkòkò kó tó di pé ẹnikẹ́ni dé kábárẹ́. Kò tíì di kíkan títí ahọ́n yóò fi kàn án, ṣùgbọ́n kò sí ahọ́n tó dá a. Ìdí nìyí tí apọntí fi ń jẹ́ apọntí: ó ń fi ọwọ́ ṣe ohun tí ẹnu ẹlòmíràn yóò wá rí.

Ṣé ẹnu lè jẹ̀bi?

Bí ẹnu bá lè ṣìnà, ta ni yóò dá ẹjọ́? David Hume, amòye ará Scotland, kọ àròkọ kan lórí ìbéèrè yìí ní 1757, ó sì yá ìtàn kan lò láti inú Don Quixote, ìwé tí Miguel de Cervantes kọ. Wọ́n ní kí ọkùnrin méjì kan tọ́ wáìnì inú àgbá wò. Èkínní ní wáìnì náà dára, àfi pé òun mọ òórùn awọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Èkejì ní ó dára, àfi pé ó ń dùn bí irin díẹ̀. Àwọn ènìyàn fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n mu àgbá náà tán, wọ́n bá kọ́kọ́rọ́ irin kan tí wọ́n so mọ́ okùn awọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí Hume fà yọ ni pé adùn lè jẹ́ ti ara ẹni, síbẹ̀ àwọn kan wà tí ẹnu wọn ń rí ohun tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́, tí ẹnu àwọn yòókù kò rí. Ó ka ohun tó ń sọ ènìyàn di onídàájọ́ rere: làákàyè tó pé, ẹnu tó mú, ìfiṣèṣe, fífi nǹkan wé ara wọn, àti ọkàn tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Immanuel Kant ará Jámánì pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì nínú ìwé rẹ̀ ti 1790. Ó ní ẹni tó bá sọ pé wáìnì erékùṣù Canary dùn mọ́ òun kò tíì bá ẹnikẹ́ni jà, torí ohun tó dùn mọ́ òun ló sọ. Lójú Kant, ibi ẹwà ni ènìyàn ti ń retí pé kí gbogbo ayé gbà pẹ̀lú òun. Adùn ẹnu kò dé ibẹ̀.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wá sí kábárẹ́, a óò rí i pé Hume ló sún mọ́ òtítọ́ jù níbẹ̀. Gbólóhùn méjì tó yàtọ̀ ni àwọn tó ń mu ọtí máa ń sọ, wọ́n sì máa ń da méjèèjì pọ̀. Èkínní ni pé ọtí náà wù wọ́n tàbí kò wù wọ́n. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, Kant jàre. Èkejì ni pé ọtí náà ti kan jù, pé èéfín wọ inú rẹ̀, pé ọkà rẹ̀ kò hù dáadáa, pé wọn kò fọ ìkòkò rẹ̀ mọ́, tàbí pé ti àná ni. Àwọn wọ̀nyí ní òtítọ́ àti irọ́ nínú. A lè bi apọntí, a lè wo ìkòkò, a lè pe ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n kó wá tọ́ ọ wò. Obìnrin tó ti ń pọn ọtí láti ìgbà ọmọdé á mọ̀ ọ́n láti orí ahọ́n nìkan, ohun márààrún tí Hume kà sì wà lára rẹ̀: ó ti tọ́ ìkòkò púpọ̀ wò, ó mọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí tẹlòmíràn, bí kò bá sì fẹ́ kí ọjà òun bàjẹ́, kò lè gbè sẹ́yìn ọtí ara rẹ̀.

Ìkorò àti ẹ̀kọ́ ẹnu

Ìkorò ló ń fi hàn jù pé ìtọ́wò jẹ́ ohun tí a ń kọ́. Ọmọ ọwọ́ a máa fẹ́ ohun dídùn láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, a sì máa yínmú sí ohun kíkorò. Ó ní ìdí: ọ̀pọ̀ májèlé inú ewé àti gbòǹgbò ló korò, ara sì ń kìlọ̀. Bí ó ti rí yìí náà, àwọn àgbà ń jẹ obì, orógbó àti ewúro, àwọn mìíràn sì ń sanwó lórí ọtí tí wọ́n dìídì fi hops mú korò. A kò bí wọn pẹ̀lú ìfẹ́ yìí. Àwọn ẹlòmíràn ló fi hàn wọ́n pé ìkorò pàtó yìí kò pani, pé ohun kan ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro, bí àwọn àgbà ti wí, ṣùgbọ́n ẹni tó tu ewúro dànù ní ìtọ́wò àkọ́kọ́ kò ní mọ̀.

Ìsọmọlórúkọ Yorùbá ti fi ẹ̀kọ́ yìí sí ìbẹ̀rẹ̀ ayé ènìyàn. Wọ́n á fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n á fi iyọ̀ kàn án, wọ́n á sì gbé orógbó, obì àti ataare jáde, àdúrà sì ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan rìn. Oyin wà fún ayé tó dùn, orógbó wà fún ẹ̀mí gígùn. Àwọn tó péjọ á tọ́ wọn wò pẹ̀lú ọmọ náà. Bí a bá rò ó dáadáa, èrò ìjìnlẹ̀ nípa ayé ló wà nínú àwo náà: ẹni tó ń bọ̀ wá sáyé gbọ́dọ̀ mọ dídùn, kíkorò, oníyọ̀ àti títa, ìdílé rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó dá nìkan mọ̀ wọ́n. Ìkorò tí àwùjọ bá ẹni tọ́ wò kì í dẹ́rù bani mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ṣe ń di ẹnu àgbà.

Ìtọ́wò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí

Ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹni tó bá gbé ọtí fún àlejò ni yóò kọ́kọ́ mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ń fi ara rẹ̀ búra pé kò sí májèlé níbẹ̀. Ẹ̀rí yìí lágbára ju ọ̀rọ̀ lọ, torí pé ọ̀rọ̀ kò ná onírọ́ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mu nínú igbá ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sí ibi kan náà tó fi ti àlejò sí. Àlejò kò mọ ohun tó wà nínú ọtí. Ohun tó mọ̀ ni pé onílé gbà láti bá a pín in.

Apọntí tó ń tọ́ ọtí rẹ̀ wò kó tó bù ú fún oníbàárà wà nínú àpẹẹrẹ kan náà, àfi pé ẹ̀rí tirẹ̀ jinlẹ̀ sí i. Onílé ń jẹ́rìí pé ọtí kò ní pani. Apọntí ń jẹ́rìí pé ó dára. Níbí ni ìbéèrè adùn ti di ìbéèrè ìwà. Bí ahọ́n rẹ̀ bá sọ fún un pé ọtí ti bàjẹ́, tí ẹnu rẹ̀ sì sọ fún oníbàárà pé òní ló dé, ahọ́n àti ẹnu ti pínyà, bẹ́ẹ̀ ara kan náà ni wọ́n. Ẹni tí kò mọ adùn tó sì sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, àìmọ̀ ló ṣe é. Ẹni tó mọ̀ tó sì yí i padà ti sọ ìmọ̀ rẹ̀ di ohun èlò irọ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, ó sì lè ná apọntí ní odidi ìkòkò kan. Ṣùgbọ́n orúkọ rere tí kábárẹ́ fi ń rí oníbàárà lọ́dọọdún wà lórí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ tó gbà láti dà nù.

Ìtọ́wò àwọn tí kò lẹ́nu

Bí àwọn ènìyàn bá péjọ láti mu ọtí nínú ètò ìbílẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á kọ́kọ́ kan ilẹ̀ fún àwọn baba ńlá. Ìbéèrè tí àwọn aṣelámèyítọ́ máa ń bi ni pé báwo ni òkú tí kò lẹ́nu ṣe ń tọ́ ọtí wò. Ìdáhùn mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àwọn kan gbà pé àwọn baba ńlá ń gba ẹ̀mí tó wà nínú ọtí, tí omi rẹ̀ á sì kù fún ilẹ̀. Àwọn kan gbà pé ìrántí ni, pé alààyè ló nílò rẹ̀. Àwọn kan sì gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí adùn ni wọ́n ń fi hàn: ohun tó dùn kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ẹnu ẹni tó ní in.

Ohun kan wà nínú àṣà náà tó ti ìdáhùn kẹta lẹ́yìn. Níwájú àlejò, onílé ló kọ́kọ́ ń mu. Níwájú baba ńlá, onílé ló ń mu gbẹ̀yìn. Àlejò nílò ìdánilójú, nítorí náà ni onílé ṣe ń ṣáájú rẹ̀ lọ sínú ewu. Baba ńlá kò bẹ̀rù ewu mọ́. Ọ̀wọ̀ ló tọ́ sí i, nítorí náà ni onílé ṣe ń fà sẹ́yìn níbi adùn. Òfin kan náà ló wà nídìí àṣà iṣu tuntun: wọn kì í jẹ ẹ́ kí wọ́n tó fi bọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún ni Savalou máa ń ṣe àjọ̀dún iṣu tirẹ̀, àwọn ọmọ ìlú náà a sì máa ti ọ̀nà jíjìn wálé fún un.

Ojúbọ Dankoli, tó wà lẹ́bàá ọ̀nà nítòsí Savalou, fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ á gbá èèkàn igi mọ́ ojúbọ náà, á da epo pupa lé e, á gba sódábì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu ṣe, sẹ́nu, á sì fẹ́ ẹ sí i. Á jẹ́ ẹ̀jẹ́ ohun tí yóò mú wá bí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bá gbà. Nínú ètò yìí, ọtí kò ti inú igbá bọ́ sílẹ̀ tààrà. Ẹnu ẹlẹ́bẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà á. Ẹnu tó mọ gbígbóná sódábì náà ni ẹnu tó sọ ẹ̀jẹ́, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ padà wá nígbà tí ẹ̀bẹ̀ bá gbà. A lè má gbà pé vodun, ìyẹn òrìṣà tí wọ́n ń bọ níbẹ̀, ń mu ọtí, síbẹ̀ a kò lè sẹ́ pé ètò náà so ìtọ́wò mọ́ ìlérí.

Àwọn tí kì í tọ́ ọ wò

Kò tọ́ kí àròkọ nípa ìtọ́wò ọtí fo àwọn tó kọ̀ ọ́. Ìtàn Yorùbá ní Ọbàtálá ni wọ́n rán láti dá ilẹ̀ ayé, ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì ṣe iṣẹ́ náà. Ìtàn mìíràn ní ìgbà tó mu ẹmu ni ọwọ́ rẹ̀ ṣìṣe níbi mímọ ènìyàn, nítorí náà ni àwọn abirùn fi jẹ́ ẹni tirẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ sí ẹni tó fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ìdí nìyí tí ẹmu fi jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀. Kùránì ka ọtí léèwọ̀ nínú súrà karùn-ún. Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run wá, tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, kò gba ọtí láyè fún àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀. Ìjọ Kátólíìkì ní tirẹ̀ ń lo wáìnì èso àjàrà ní Máàsì, kò sì gba ohun mìíràn dípò rẹ̀. Thomas Welch, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n, wá ọ̀nà ní 1869 láti pa omi àjàrà mọ́ kó má di ọtí, kí ìjọ lè lò ó níbi oúnjẹ Olúwa.

Ṣé àwọn wọ̀nyí lè sọ ohunkóhun nípa adùn ọtí? Al-Ghazali, onímọ̀ Ìsìláàmù tó kú ní 1111, sọ pé ohun ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ ìtumọ̀ ìmutípara, ohun ọ̀tọ̀ sì ni kó yó. Ẹni tó yó kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ló mọ̀ ọ́n. Ó lo àpẹẹrẹ yìí láti fi kọ́ni pé ìmọ̀ Ọlọ́run tí àwọn Súfí nínú Ìsìláàmù ń wá kò sí nínú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, pé títọ́wò ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Sáàmù 34 náà pe àwọn olùjọsìn láti tọ́ ore Olúwa wò. Àwọn ẹ̀sìn tó ń ṣọ́ra fún ọtí kò kọ ìtọ́wò gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìmọ̀. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n kàn darí rẹ̀ síbòmíràn ni.

Ìbéèrè méjì ni kò yẹ kí a dà pọ̀ níhìn-ín: ṣé ọtí yìí dùn, àti ṣé ó yẹ kí n mu ún? Ẹni tó ń tọ́ ọ wò ló lè dáhùn èkínní, ẹni tí kò tọ́ ọ wò á gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́. Èkejì kò sí lọ́wọ́ ahọ́n. Ìtàn Ọbàtálá gan-an fi ibi tí ààlà wà hàn: ìtọ́wò ń mú ojú là, ìmutípara ń pa á dé. Nígbà tí mímu bá kọjá ìwọ̀n, ẹnu tó ń dá ẹjọ́ á di ẹnu tí kò mọ ti òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ti àná, ọwọ́ tó ń mọ nǹkan á sì máa ṣìṣe. Ẹni tí kì í mu ọtí rárá àti ẹni tó ń tọ́ ọ wò pẹ̀lú ìwọ̀n sún mọ́ ara wọn ju bí ọ̀mùtí ti sún mọ́ èyíkéyìí nínú wọn lọ.

Ìdájọ́

Adùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kì í sì í ṣe ohun tó dá wà nínú ọtí láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọtí ló ni agbára rẹ̀, ẹnu tó dá ṣáká ló ń rí i, ìfiṣèṣe ló ń mú ẹnu náà mú, àwùjọ ló ń kọ́ ọ ní ohun tí yóò fara dà kó tó gbádùn. Ohun tó wu ènìyàn jẹ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó yẹ kó bá a jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá sọ nípa ọtí gẹ́gẹ́ bó ti rí jẹ́ ẹ̀rí, ẹlẹ́rìí sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, yálà obìnrin tó ń bu tchakpalo ní Bantè ni, tàbí ẹni tó ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní Dankoli, tàbí ẹni tó jókòó ti ife amber ale ní ìlú òkèèrè. Kí ẹni tó bá tọ́ nǹkan wò sọ ohun tí ahọ́n rẹ̀ rí, kó má fi kún un, kó má sì yọ nínú rẹ̀.